Alájì Ní Ọdẹ Ni Bàbá Àgbà Òun, Èmi Náà Ní Bẹ́ẹ̀ Ni

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fà mọ́ra, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní ìlú wa, Ìdí-Tánkì. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi. Inú mi sì tún ń dùn. Ẹ óò rí bí méjèèjì ṣe lè gbé inú ènìyàn kan náà.

Ọ̀pọ̀ yín ò mọ Ìdí-Tánkì, mi ò sì ní bá yín jà. Rélùwéè tuntun pàápàá ò mọ̀ wá. Ńṣe ló ń sáré kọjá wa bí ẹni tó rí àna rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán tí kò fẹ́ kí i. Ìlú kékeré ni, láàrin Ifọ̀ àti Àgbàdo. Bí ẹ bá tòògbé díẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ ti kọjá wa nìyẹn.

Kò sí ọba tó dá ìlú wa sílẹ̀. Kò sí jagunjagun, kò sí ọmọ ọba kankan tó bínú gbé adé kúrò nílé. Òùngbẹ ló dá a sílẹ̀, òùngbẹ ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí òyìnbó ń la ojú irin láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, omi híhó ni ọkọ̀ ìgbà náà fi ń rìn, ọ̀fun rẹ̀ a sì máa gbẹ lójú ọ̀nà. Òyìnbó bá gbẹ́ kànga síbí, ó gbé tánkì ńlá kan lé orí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kí ọkọ̀ lè máa dúró mu omi. Àwọn tó kó wá ṣe iṣẹ́ náà ni bàbá àgbà wa.

Fọ́máànù, olórí àwọn òṣìṣẹ́, ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, nítorí òun ló mú kòbókò dání. Àwọn apọnmi ló tẹ̀lé e, àwọn tí yóò máa ru omi láti odò títí kànga yóò fi jinlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdílé tèmi ti wá. Lẹ́yìn wa ni àwọn tó ń gbé irin, lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń gé igi. Kúùkù òyìnbó ló kẹ́yìn pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, òyìnbó ò fẹ́ kí tánkì wà láìní olùṣọ́, ó bá pín ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ojú irin fún wọn, bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe pín in. Ilé Fọ́máànù dojú kọ ibùdókọ̀ rélùwéè. Ilé Apọnmi ló tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ló lọ títí dé Ilé Kúùkù.

Ṣé ìwé wà lórí rẹ̀? Kò sí o. Ohun tó wà ni Ọjọ́ Tánkì.

Lọ́dọọdún, nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, gbogbo wa a pé sí ìdí tánkì. Tánkì fúnra rẹ̀ ti dípẹtà, ẹyẹ ló ń gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kànga ṣì ní omi. Obìnrin tó dàgbà jù nílùú a jókòó sí ẹnu kànga, a máa pe ilé kọ̀ọ̀kan bí bàbá àgbà wọn ṣe sọ̀kalẹ̀. Ilé tó bá pè á dáhùn pé, "A sọ̀kalẹ̀," wọ́n á sì fa korobá omi kan. Àwọn tí bàbá wọn ò bá ọkọ̀ náà wá, àwọn ayálégbé wa láti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, àwọn télọ̀ àti wẹ́dà, á dúró sẹ́yìn, ilé kan á sì fa omi fún wọn bí àlejò. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, àwọn náà á sì dá a padà fún wa. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀, wàá gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ tánkì, wàá sọ bí bàbá àgbà rẹ ṣe dé ibí. Ohun tí o bá sọ lórí irin, orí gbogbo ilé rẹ lo sọ ọ́ lé, kò sì ṣeé kó jẹ mọ́. Mùsùlùmí ni mí, ẹsẹ̀ mi kì í yẹ̀ ní mọ́sálásí, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ lórí irin yẹn nítorí ohunkóhun láyé.

Wàyí o, Alájì Mùfútáù.

Ọmọ Ilé Fọ́máànù ni, ilé tí a ń kọ́kọ́ pè. Ó ti pẹ́ ní Èkó níbi tó ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ó kọ́lé sí Mowe, lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló wá rántí pé òun ní ìlú. Ó gbé jíìpù dúdú dé, ó ní òun fẹ́ jẹ Baálẹ̀. A ò ní Baálẹ̀ rí. Alága àwọn lánlọ́ọ̀dù là ń lò.

Ẹ gbọ́ ibi tó dùn mí sí. À bá fún un. Ká ní ó sọ pé ọmọ-ọmọ Fọ́máànù fẹ́ dé fìlà Baálẹ̀, ta ni ìbá jiyàn? Ṣùgbọ́n ojú ń ti ọkùnrin yìí. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lẹ́yìn òun pé bàbá àgbà Baálẹ̀ ń na ènìyàn fún òyìnbó. Ojúkòkòrò sì tún wà níbẹ̀. Baálẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Fọ́máànù, ilẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló ni. Ọmọ ẹni tó tẹ ìlú dó, gbogbo ilẹ̀ ló ni.

Ó bá lọ wá ọdẹ kan. Ó ní ọdẹ ni bàbá àgbà òun, pé ó ti tẹ ibí dó kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà. Nítorí náà, ayálégbé òun ni gbogbo wa. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó wá tún ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ òun. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó di ẹrù rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé wa, ó sì fara kan ògiri Ilé Fọ́máànù. Ibẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe iwájú ààfin. Ẹ gbọ́ o, ààfin. Ní Ìdí-Tánkì tí ewúrẹ́ pọ̀ ju ènìyàn lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n dé, Alájì, àwọn géńdé kan, àti katakata. Mo ń rẹ́ pákó lọ́wọ́. Alájì ò kí mi. Ó ní, "Gani, kó àwọn igi rẹ kúrò. Mo fẹ́ lo ibí."

Mo ní, "Alájì, ẹ káàsán sà. Ilẹ̀ bàbá mi nìyí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá ẹ wo? Ẹrú òyìnbó tó ń fi orí ru omi? Ta ló fún ẹrú nílẹ̀?"

Òòlù wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, òòlù ńlá. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí á rò pé mo gbé e sókè. Mo gbé e sókè lóòótọ́. Mo fi họ ẹ̀yìn. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí katakata bẹ̀rẹ̀ sí í wó òrùlé mi, ẹnu mi ṣàdédé ṣí, mo sì gbọ́ tí mo kí ẹni tó ń wà á pé ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó ń wó ṣọ́ọ̀bù mi ni mò ń kí. Ó tiẹ̀ dá mi lóhùn.

Wọ́n wó o palẹ̀. Férémù ilẹ̀kùn tí mo ti kàn fún oníbàárà fọ́ sábẹ́ páànù. Wọ́n wá fi ọ̀dà pupa ya àmì sára ilé tí wọ́n bí mi sí. Alájì ní bí wọ́n bá ti fi òun jẹ Baálẹ̀ báyìí, òun ò fẹ́ rí mi níbẹ̀ mọ́. Bàbá mi, ìyá mi, ẹ̀yìn ilé yẹn ni wọ́n sin wọ́n sí. Ṣé kí n hú wọn dání ni?

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyàwó mi, Ìyá Mújìdá, jáde wá. Ó wo àwókù, ó wò mí.

"Bàbá Mújìdá, mo gbọ́ tí ẹ ń kí wọn."

Mo ní ìwà ọmọlúàbí ni.

Ó ní, "Ẹ kú ọmọlúàbí o. Bí wọ́n bá wá wó ilé ńkọ́, kí ni kí n gbé kalẹ̀ fún wọn? Ẹ̀bà ni àbí ìrẹsì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju katakata lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí n ó ṣe gbẹ̀san. Mi ò ní tàn yín pé ìdájọ́ òdodo ni mò ń wá. Ẹ̀san ni. Mo fẹ́ kó dun ọkùnrin yẹn níbi tó dùn mí. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n da iyanrìn sínú ẹ́ńjìnnì jíìpù rẹ̀. Mo rí bí àwọn géńdé yẹn ṣe ga tó, mo da iyanrìn padà síbi tí mo ti bù ú. Mo rò ó pé kí n sọ̀rọ̀ sí i ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, lójú gbogbo jàmáà. Jímọ̀ dé. Ó bojú wẹ̀yìn láti ìlà iwájú, ojú wa ṣe mẹ́rin, mo sì sálámà sí i dáadáa, mo tiẹ̀ fi wàràhámọ́túláì sí i.

Mo bá gba ọ̀dọ̀ Ìyá Àṣàtù lọ. Òun ló dàgbà jù nílùú, òun ló ń pe ilé lẹ́nu kànga. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ nígbà tí mo débẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rò gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ọdẹ, ó gbé àtẹ sílẹ̀.

"Ọdẹ? Bàbá àgbà Mùfú?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo bá bàbá yẹn láyé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àkùkọ ilé wa máa ń lé e kiri àgbàlá. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ fi í joyè dé, n ó tú u síta."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè. Bí ènìyàn bá gbé ọwọ́ lé irin, tó ní bàbá àgbà òun ò sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ni ẹ ó ṣe sí ilé rẹ̀ ní Ọjọ́ Tánkì?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ rí."

"Bí ẹnì kan bá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹni tí kò sọ̀kalẹ̀, mi ò lè pè é, Gani. Àlejò nìyẹn. Kò sì nílẹ̀ níbí, torí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ ló gba ilẹ̀." Ó wá wò mí dáadáa. Ẹ̀rín rẹ̀ padà dé, ṣùgbọ́n ó ti yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, ìkà ni ẹ́ o."

Mo ní, "Ẹ ṣé, ìyá."

Iṣẹ́ tó le jù ni láti pa àwọn olórí ilé yòókù lẹ́nu mọ́. Gbogbo wọn ló ti ń gbaradì láti fariwo ta pé irọ́ ni. Olórí Ilé Kúùkù tiẹ̀ ní òun á da omi gbígbóná sí agbádá rẹ̀, pé iṣẹ́ ìdílé àwọn ni. Mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má jiyàn. Bí a bá jiyàn, yóò di ẹnu tiwa sí ẹnu tirẹ̀, òun ló sì ní jíìpù. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ dópin, kó sọ ọ́ lórí irin. Ohun tó bá ní òun jẹ́, ẹ jẹ́ ká fún un.

Ọjọ́ pé. Ọba àgbègbè wa rán àgbà mẹ́ta wá láti gbọ́ ìtàn ìlú, kí wọ́n tó lè fi Baálẹ̀ jẹ. Abẹ́ tánkì la tẹ́ àga sí. Agbádá tí Alájì wọ̀ fẹ̀ débi pé àga méjì ló gbà. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ẹ̀yin ará, ọdẹ náà pa ẹfọ̀n. Ó pa ẹkùn. Erin rí i, erin yà fún un. Ó wá rí odò kan, ó pàgọ́ sí etí rẹ̀, ìlú sì bẹ̀rẹ̀. Tí kì í bá ṣe pé mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àkùkọ yẹn, èmi gan-an ìbá pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó sọ tán, gbogbo ènìyàn yíjú sí mi. Mo dìde. Ṣé kí n sọ òótọ́ fún yín? Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, bí ìgbà tí ọmọ jẹ́léósinmi ń ka ABD ni. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, àṣà ìlú wa ni pé orí irin la ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí."

Olórí àwọn àgbà náà, bàbá arúgbó kan tó lo dígí sójú, wo Alájì. Alájì wo ẹsẹ̀ tánkì bí ẹni tí wọ́n ní kó fọwọ́ kan ejò. Ṣùgbọ́n àwùjọ ń wò ó. Ó rìn lọ, ó gbé ọwọ́ lé e.

Mo ní, "Alájì, kó lè yé àwa tí a ò kàwé púpọ̀. Ṣé bàbá àgbà yín sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òyìnbó?"

"Ọkọ̀ wo? Ìran tèmi ò wọ ọkọ̀ òyìnbó wá síbí."

"Àwọn kọ́ wá ni Fọ́máànù?"

"Gani, má bú mi ní gbangba. Ìran mi ò ṣiṣẹ́ fún òyìnbó rí."

Mo mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wú lórí. Mo ní irú akọni bẹ́ẹ̀, nígbà tí òyìnbó wá gbé tánkì síbí, ó dájú pé kò ní gbà láti gbé abẹ́ wọn.

Ojú Alájì tàn. Ìyìn máa ń pa á bí ọtí. Ó ní, "Láéláé. Òyìnbó fi ipá gba ìhà ibí, ó ní kí bàbá mi wá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òun. Bàbá mi tutọ́ sílẹ̀. Ó kọjá sí òdìkejì ojú irin, létí odò tó pàgọ́ sí, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ìhà ibí mọ́ títí ó fi kú. A ò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó, bó ti wù kó kéré tó."

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ìlú wa, òdìkejì ojú irin, létí odò, àbàtà ni. Ewé la máa ń lọ já níbẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá kó síbẹ̀, okùn la fi ń fà á jáde.

Àgbà onídígí bi mí pé ṣé mo ní àtakò. Alájì kẹjú mọ́ mi, èébú ti wà ní sẹpẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ tèmi lé ẹsẹ̀ tánkì tó wà lọ́dọ̀ mi. Ìpẹtà já bọ́ sórí fìlà mi. Mo ní bàbá àgbà mi sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn apọnmi, ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó, omi rírù pá a lórí, mi ò sì tijú. Lẹ́yìn ìyẹn mo gbé ọwọ́ kúrò lórí irin. Mo ti sọ fún yín pé mi ò ní purọ́ lórí rẹ̀. Mo wá ní, "Ní ti Alájì, mo gba ohun tí wọ́n sọ. Ọdẹ ni bàbá wọn. Kò sọ̀kalẹ̀. Kò gba nǹkan kan níbí."

Àwọn olórí ilé yòókù tẹ̀lé mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kálukú sọ ti bàbá tirẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó ní, "A gba ti Alájì."

Ẹ bá rí ẹ̀rín ọkùnrin yẹn. Ó rò pé ẹ̀rù ló ń bà wá. Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí irin, ó dúró bí ẹni tí wọ́n ń yà ní fọ́tò. Ó fi ọwọ́ kejì gbá mi léjìká, ó ní Ọlọ́run á bù kún mi, pé bí òun bá ń pín ilẹ̀, òun á wá igun kan fún mi. Mo ní ẹ ṣé sà.

Ìyá Àṣàtù wá sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. "Mùfú ọmọ mi, ó dùn mọ́ mi pé o là wá lóye. Gbogbo ọdún wọ̀nyí tí mo ti ń pè yín ní Ilé Fọ́máànù, àṣìṣe ni. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan. Ilé tó dojú kọ ibùdókọ̀, èyí tí ò ń sùn sí yẹn, ta ló ni ín?"

Alájì la ẹnu. Ìyá ò dúró dè é.

"Fọ́máànù ló ni ilẹ̀ yẹn. Ọwọ́ òyìnbó ló ti gbà á. Ìwọ ní bàbá rẹ ò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kú. Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

Ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Mi ò tilẹ̀ ṣẹ́jú, kí n má baà pàdánù ìgbà tí yóò yé e. Ó yé e. Òógùn bò ó láti ọrùn dé etí. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lòun ṣe sọ ọ́, pé ìtàn ni, pé ìtàn a máa ní ẹ̀ka.

Àgbà onídígí ní, "Alájì, ọwọ́ yín ṣì wà lórí irin."

Ó já ọwọ́ gbà bí ẹni tí iná jó.

Àgbà náà ní gbogbo ọ̀rọ̀ ti yé àwọn. Ìhà ibí ni ìlú tí àwọn wá wò wà, tánkì ló dá a sílẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe gba ilẹ̀ tirẹ̀. Àgọ́ ọdẹ wà ní òdìkejì, kò sẹ́ni tó bá Alájì du ú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ ò sí lára ilé ìlú ò lè jẹ Baálẹ̀ ìlú, kò sì lè lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ tutọ́ sí. Ó ní kí Alájì tún ṣọ́ọ̀bù mi kọ́.

Ó kọ́ ọ. Páànù tuntun ni. Èmi ni mo yan àwọ̀ rẹ̀, mo sì yí ọkàn padà lẹ́yìn tí wọ́n kàn án tán. Wọ́n tú u, wọ́n tún òmíràn kàn. Ìyá Mújìdá gbé omi tútù fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí n wá kí wọn kú iṣẹ́, pé mo mọ̀ ọ́n kí. Mo kí wọn, ohùn mi sì dún dáadáa. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kun àmì pupa yẹn rẹ́ lára ògiri.

Ẹ ó ní ó tó báyìí. Kò tíì tó.

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, Ọjọ́ Tánkì dé. Bóyá Alájì rò pé a ti gbàgbé ni o, ó gbé korobá tuntun dé, ó lọ dúró síwájú, níbi tí ìdílé wọn máa ń dúró sí. Ìyá Àṣàtù húkọ́.

Ó ní, "Ilé Apọnmi."

Mo dáhùn pé, "A sọ̀kalẹ̀." Mo rò pé wọ́n gbọ́ mi ní Àgbàdo. Láti ìgbà tí kànga yẹn ti wà, wọn ò pe ilé wa síwájú rí. Mo fa omi náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fa wúrà jáde. Alájì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ìyá pe àwọn agbérin. Ó pe àwọn agégi. Bó ṣe ń pè wọ́n ni Alájì ń sún sẹ́yìn, ó ń sún sẹ́yìn, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ayálégbé.

Télọ̀ kan tó wá láti Òṣogbo yẹ̀bá fún un. Ó ní, "Alájì, ẹ dúró síwájú mi. Ọdún àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń dunni."

Mo ní ilé tèmi ni yóò fa omi fún àlejò. Kò sẹ́ni tó bá mi du ú. Nígbà tó kan Alájì, mo tẹrí ba, mo ní, "Àlejò wa, ẹ kú ìrìn. Ṣé ọ̀nà dára láti àbàtà?" Ẹ̀rín bú jáde káàkiri. Omi dà sí bàtà rẹ̀ bí mo ṣe ń bù ú fún un. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Ẹ sáà mọ̀ pé ojo ni mí.

A ò lé e kúrò nínú ilé yẹn. A jẹ́ kó máa sùn síbẹ̀ bó bá wá, bí àlejò. Ṣùgbọ́n kò lè kọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tó kó wá fún ààfin ṣì wà níta, koríko ti hù láàrin rẹ̀, ewúrẹ́ ń gun orí rẹ̀. Bí mo bá ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀, ọ̀kánkán rẹ̀ ni mo máa ń gbé àga mi sí.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Òun nìkan ni, kò sí géńdé. Ó jókòó lórí àpótí, ó ní, "Gani, àbúrò mi."

Mi ò tíì ṣe àbúrò rẹ̀ rí.

Ó ní kí n bá òun bẹ Ìyá Àṣàtù kó pe ilé òun padà. Ó ní òun ti ń dàgbà, pé kí wọ́n má wá lọ sin òun ní ìlú bàbá òun bí àlejò. Ohùn rẹ̀ kéré. Ẹ má rò pé kò ká mi lára. Ó ká mi lára fún ìgbà díẹ̀, mo sì dúró kó kọjá lọ.

Mo ní, "Alájì, kò le. Ẹ lọ gbé ọwọ́ lé irin lójú gbogbo ìlú. Ẹ ní Fọ́máànù ni bàbá àgbà yín, pé òyìnbó ló gbà á síṣẹ́, pé òun ló ń na bàbá àgbà mi bí omi bá pẹ́ dé. Ìyá á pè yín ọjọ́ náà gan-an."

Ó wo ilẹ̀. "Ṣé dandan ni kí n sọ ti nínà yẹn?"

"Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́, sà."

Ó dìde. Ó ní ìkà ni mí. Mo ní ìyá ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ, kò sì tíì padà wá. Ìyá Mújìdá ní kí n foríjì í, pé ilé wa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni mo tún ń wá? Mo sọ fún un pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ foríjì í. Ó kù díẹ̀ ni, mi ò sì kánjú.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Iṣẹ́ tó gbé bàbá yín dé ibi tí ẹ wà, ẹ má fi bò. Bí ẹnì kan bá wá ń purọ́ mọ́ bàbá tirẹ̀ kó lè gba ti bàbá yín, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í ní ìbéèrè, ẹ bá a gbé irọ́ náà dé ibi tó ń lọ, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣojo bíi tèmi náà lè ṣe é.

Ó ku tiyín. Mo mọ̀ pé ìlú kéékèèké lójú irin yìí pọ̀ tó jẹ́ pé nǹkan òyìnbó ló bí wọn, ibùdókọ̀ ni o, kóòtù ni o, oko òwú ni o. Iṣẹ́ kí ni wọ́n kó bàbá àgbà tiyín wá ṣe? Ṣé ẹnì kan ti sọ yín di ayálégbé rí nínú ilé tí wọ́n bí yín sí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni n ó kà. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù ẹni náà, ẹ fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Ohun tí ẹ ṣe fún un ni mo fẹ́ gbọ́.